Ìfikùnlukùn pẹ̀lú ará ìlú lórí ètò odò àti ìmọ́tótó omi

Ìfikùnlukùn pẹ̀lú ará ìlú lórí ètò odò ni ọ̀nà tí ìjọba tàbí àjọ tó ń bójú tó omi fi ń gbọ́ tẹnu àwọn tó ń mu omi náà, tó ń pẹja nínú rẹ̀, tó ń fi í dáko, tàbí tí ìdọ̀tí wọn ń ṣàn sínú rẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ètò tí yóò kan gbogbo wọn. Ó yàtọ̀ sí ìkéde. Ẹni tó ń kéde ti pinnu tán; ẹni tó ń fikùn lukùn ṣì lè yí ìpinnu padà nítorí ohun tó gbọ́. Yorùbá ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ti odò wá le díẹ̀, nítorí olórí pọ̀: ẹni tó wà lókè odò lè máà tíì fojú kan ẹni tó ń pọnmi nísàlẹ̀ rí.

Ní ọdún 1969, Sherry Arnstein, ará Amẹ́ríkà, to ipò ará ìlú nínú ètò ìjọba sí àkàbà onípele 8. Ìpele kẹrin ló fi ìfikùnlukùn sí. Lójú rẹ̀, kí a kàn gbọ́ tẹnu ènìyàn kò tíì fún un lágbára, bí kò bá sí ohun tó de àwọn aláṣẹ láti lo ohun tí wọ́n gbọ́.

Odò Ọbà, odò Ògùn àti àwọn tó ń lò wọ́n

Dáàmù tó wà lórí odò Ọbà ni wọ́n kọ́ kí Ògbómọ̀ṣọ́ lè rí omi ẹ̀rọ. Ìlú Ọ̀yọ́ ní dáàmù Erelú. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni wọ́n kọ́ méjèèjì. Òfin àpapọ̀ tó ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu ará ìlú kí wọ́n tó kọ́ irú dáàmù bẹ́ẹ̀ kò dé títí di ọdún 1992.

Odò Ọbà kì í dúró sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ṣàn wọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó dà sínú odò Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun sì gbé e lọ sí ọ̀sà Lẹ́kí. Odò Ògùn, tó ṣẹ̀ láti orí òkè lẹ́bàá Ṣakí, gba ìwọ̀-oòrùn ìlú Ọ̀yọ́ lọ sí Abẹ́òkúta kó tó dé ọ̀sà Èkó. Nítorí náà, ìpàdé tí wọ́n bá ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan lórí odò Ọbà kò tíì pé. Àjọ tó ń rí sí agbègbè odò méjèèjì ni Àjọ Ìdàgbàsókè Agbègbè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Ó wà lára àwọn àjọ 11 irú rẹ̀ tí òfin ọdún 1976 dá sílẹ̀.

Púpọ̀ nínú ohun tó ń ba omi jẹ́ lágbègbè yìí jẹ́ ti àwọn iṣẹ́ kéékèèké tó ń bọ́ ìdílé: omi tí wọ́n fún lára ẹ̀gẹ́ ní ilé gàrí, ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran láti odò ẹran, epo dúdú láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ṣáláńgá tó sún mọ́ kànga jù, àti pàǹtírí tí òjò àkọ́rọ̀ ń gbá láti inú gọ́tà lọ sódò. Omi ẹ̀gẹ́ ní májèlé sáyánáìdì nínú, ó sì lè pa ẹja. Ajílẹ̀ òyìnbó tí òjò bá fọ̀ kúrò lóko máa ń bọ́ ojúoró àti àwọn ewéko omi mìíràn títí wọn yóò fi bo ojú odò. Bí wọ́n bá jẹrà, wọn a máa jẹ afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí. Bí ètò bá dé tó kàn ní kí ilé gàrí kan kúrò létí odò, láìbi àwọn obìnrin tó ń yan gàrí níbẹ̀ léèrè ibi tí wọn yóò da omi náà sí, wọn yóò dà á síbòmíràn tó tún ṣàn wọ odò kan náà.

Ohun tí ará ìlú mọ̀

Àyẹ̀wò lè sọ iye kòkòrò tó wà nínú ìgò omi kan ní ọjọ́ tí wọ́n bù ú. Kò lè sọ pé omi náà máa ń rùn ní ọjọ́ kejì ọjà, tàbí pé kànga kan nísàlẹ̀ ilé ìwé kì í gbẹ lọ́yẹ́ ṣùgbọ́n ó máa ń yí àwọ̀ bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Apẹja mọ oṣù tí ẹja kúrò lójú odò. Obìnrin tó ń fọ irú mọ ibi tí omi ti ń yọ̀. Àwọn ọmọdé tí wọ́n ń rán lọ pọnmi láàárọ̀ pàápàá mọ ẹ̀yìn ilé tí gọ́tà ti ń yọ wá, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n. Ìmọ̀ yìí ló ń sọ fún àwọn oníṣẹ́ àyẹ̀wò ibi tó yẹ kí wọ́n ti bu omi, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n bù ú.

Ìlànà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, òkè odò ni wọ́n ti ń pọn omi mímu, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀, tí wọ́n sì ti ń fọṣọ. Ẹni tó bá fọṣọ lókè yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà. Ètò odò gidi nìyẹn: ó pín ojú odò, ó fún apá kọ̀ọ̀kan níṣẹ́, ó sì ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ohun tí òfin Nàìjíríà wí

Òfin 86 ti ọdún 1992, lórí àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ yóò ní lórí àyíká, pa á láṣẹ pé kí wọ́n fún ará ìlú, àwọn onímọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ tó bá kàn láǹfààní láti sọ tẹnu wọn kí àjọ ìjọba tó pinnu. Dáàmù tí omi rẹ̀ bá fẹ̀ tó hẹ́kítà 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lára ohun tí a kò gbọ́dọ̀ kọ́ láìṣe irú àyẹ̀wò yìí. Ìṣe wọn ni láti pàtẹ ìwé àbájáde fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ẹni tó bá fẹ́ lè wá kà á. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ́fíìsì ni wọ́n sì ń gbé e sí. Fún àgbẹ̀ tó wà ní abà ní ìhà Oríire nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọjọ́ 21 yẹn lè kọjá láìjẹ́ pé ó gbọ́ pé ìwé kankan wà.

Òfin omi ti ọdún 1993 fún ẹnikẹ́ni láyè láti bu omi ilé àti omi tí ẹran ọ̀sìn yóò mu lọ́fẹ̀ẹ́ nínú odò tí gbogbo ènìyàn lè dé. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún àjọ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn ẹni tó bá béèrè àkọsílẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ará ìlú lè béèrè àbájáde àyẹ̀wò omi tó ń mu. Ní ti omi mímu, ìlànà Nàìjíríà kò gba kòkòrò E. coli, èyí tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti wọ inú omi, kan ṣoṣo nínú mìlílítà 100.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn

Òfin omi tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ fọwọ́ sí ní ọdún 2000 ló ṣe àlàyé rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ jù. Ọdún 3 ṣáájú kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé àkókò iṣẹ́ síta. Ọdún 2 ṣáájú, àwọn ìṣòro tó ṣe pàtàkì nínú odò náà. Ọdún 1 ṣáájú, àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ti ètò náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ará ìlú ní oṣù 6 láti kọ̀wé fèsì. Ètò tí wọ́n bá tẹ̀ jáde níkẹyìn gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n gbọ́ àti ohun tí wọ́n yí padà nítorí rẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló níye lórí jù nínú òfin náà, nítorí òun ló ń dáhùn ohun tí Arnstein ń sọ.

Ní Ọsirélíà, nígbà tí wọ́n gbé ìwé ìtọ́nisọ́nà lórí àwọn odò Murray àti Darling jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, inú bí àwọn àgbẹ̀ ìlú Griffith tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n dáná sun ún níta gbangba. Èrò wọn ni pé wọ́n ti gé omi oko wọn kù kí wọ́n tó pè wọ́n. Wọ́n tún ìfikùnlukùn ṣe fún ọ̀sẹ̀ 20 kí ètò tó di òfin ní ọdún 2012.

Ìgbà, ibi àti èdè

Ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, ìpàdé tí wọ́n bá pè láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yóò kún fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọ̀dọ̀ báálẹ̀, ìyálọ́jà, àwọn alápatà, iléeṣẹ́ gàrí àti ojú odò fúnra rẹ̀ ni a ti ń rí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn obìnrin sábà máa ń sọ̀rọ̀ sí i bí wọ́n bá fún wọn ní ìjókòó tiwọn, nítorí níwájú àwọn àgbà ọkùnrin, ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà. Ìgbìmọ̀ omi àti ìmọ́tótó abúlé, tí wọ́n ń pè ní WASHCOM, wúlò fún èyí, nítorí ará abúlé ló yan àwọn tó wà níbẹ̀.

Ìdáhùn ló sábà máa ń sọnù. Ìwé kan lédè Yorùbá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọjà, tó sọ ohun tí abúlé kọ̀ọ̀kan béèrè, èyí tí wọ́n gbà, èyí tí wọn kò gbà àti ìdí rẹ̀, kò náni lówó púpọ̀. Ẹni tí kò lè kàwé yóò gbọ́ ọ lórí rédíò ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ará oko ti wọlé.