Egbére ni wọ́n, wọn kì í ṣe aràrá

Inú ń bí mi díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Èmi àti tíṣà kan ní Ìlọrin níbí la jọ ń túmọ̀ ìtàn kan fún àwọn ọmọdé: àwọn kúkúrú onírùngbọ̀n kan rí máàpù àtijọ́, wọ́n bọ́ sọ́nà, wọ́n ń wá góòlù tí wọ́n rì mọ́ abẹ́ òkè. Ìtàn náà ò le. Orúkọ tí a ó pe àwọn kúkúrú yìí ló dá ìjà sílẹ̀.

Tíṣà ní aràrá. Mo ní rárá o, ènìyàn ni aràrá. Ẹni òrìṣà ni àwọn baba wa ń pè é, bíi àfín àti abuké. Ọbàtálá ló mọ ọ́n bẹ́ẹ̀. Aràrá ń wọ ọkọ̀ Ọ̀fà, iye tí mò ń san náà ló ń san, ó ń bímọ, ó ń dìbò. Ṣé kí ọmọ ka ìtàn wa tán, kó wá pàdé ará àdúgbò rẹ̀ lọ́nà, kó bi í pé góòlù rẹ̀ dà? Ẹ yọ mí kúrò níbẹ̀.

Ẹlòmíràn ní ká kúkú kọ dwarf, orúkọ tí òyìnbó ń pè wọ́n, ní dúwọ́ọ̀fù, ká fàmì sí i lórí. Ẹ lọ béèrè dúwọ́ọ̀fù ní Ọjà Ọba, kí ẹ wò ó bóyá wọn ò ní júwe ilé olóògùn fún yín. Àáfà àdúgbò wa ní tòun, àlùjọ̀nnú ni. Mo bọ̀wọ̀ fún Àáfà, ṣùgbọ́n àlùjọ̀nnú lè kún yàrá, ó sì lè wọ ènìyàn lára. Àwọn tiwa yìí, ọwọ́ wọn ò tó kọ́kọ́rọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹni tó fi “ènìyàn-kékeré-abẹ́-ilẹ̀” ránṣẹ́, n ò dá a lóhùn.

Egbére ni mo mú. Egbére kúrú, igbó ló ń gbé, òru ló ń rìn, ẹní rẹ̀ wà lábíyá, ẹkún ló ń sun kiri. Gbogbo wa la sì gbọ́ ọ nílé pé ẹni tó bá gba ẹní náà, tó lè fara da ẹkún rẹ̀, olówó ni onítọ̀hún dà yẹn. Wọ́n ní egbére kì í ṣe ti òyìnbó. Ta ló wá fún òyìnbó ní gnome, kúkúrú abẹ́ ilẹ̀ tiwọn? Paracelsus ni, oníṣègùn ará Switzerland tó kú ní 1541. Òun ló jókòó hun ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó ní inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá bí àwa ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo hun tiẹ̀, ayé gbà á. Èyí tí ìyá ìyá mi fi ń dẹ́rù bà wá ní Ọmù-Àrán ni kò ní tó? Wọ́n tún ní gnome tó ń ṣọ́ góòlù yàtọ̀ sí dwarf tó ń wà á. Ìyẹn ò kàn mí.

Ẹni tí kò bá tíì rí wọn lójú inú, kó ronú kan Ẹ̀sìẹ́, ìlú kan ní Kwara níbí. Àwọn ère òkúta ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, àwọn ni wọ́n torí wọn ṣí mùsíọ́ọ̀mù ní 1945, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Èyí tó kéré jù ò ga tó ìdajì rúlà ọmọ iléèwé, èyí tó ga jù sì fi díẹ̀ lé ní mítà kan. Àwọn kan mú idà lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ó wá di òru ọjọ́ kan, méje nínú wọn gbọn eruku nù, wọ́n dìde, àgbà wọn di máàpù mú, ó di ọ̀nà omi Òwu, níbi tó ti ń já láti orí àpáta. Àwọn tí mò ń wí nìyẹn.

Máàpù ńkọ́? Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ àwòrán ilẹ̀, n ò bá a jà, ṣùgbọ́n fọ́tò oko bàbá mi náà, àwòrán ilẹ̀ ni. Máàpù ti di tiwa bíi búrẹ́dì.

Tíṣà rò pé òun ti mú mi nígbà tó bi mí pé, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹní dà nínú ìtàn yìí?” Mo ní máàpù ni ẹní. Ṣebí kíká ni wọ́n ká a, ṣebí abíyá ló wà, ṣebí ẹni tó bá gbà á ló máa lówó? Ó dákẹ́. Ó tún ní, “Ẹkún ńkọ́?” Ìyẹn dá mi dúró fún ọjọ́ méjì, àfìgbà tí a túmọ̀ dé ibi tí máàpù ti bọ́ sódò.