Oníbodè tí Mẹkáníìkì Lé Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹni tó bá dúró sí ìkóríta kan n'Ìjẹ̀bú-Òde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò ní ṣàì rí jíìpù kékeré tó ti ń lo bí ogún ọdún lókè eèpẹ̀: RAV4 ti 2001 sí 2005, CR-V ti 2002 sí 2006, àwọn tòkunbọ̀ tó ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta mẹ́rin kọjá. Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì wọn, bí wọ́n ṣe ń wo táyà, ìgbà tó yẹ kí wọ́n yí búrèékì, ẹni tó ń wakọ̀ mọ gbogbo ìyẹn. Nǹkan tó yẹ ká jókòó tì ni irin pẹlẹbẹ kan tí kò fẹ̀ ju ẹnu ife tíì lọ, tó sá pamọ́ síbi tí rọ́bà rédíétọ̀ ti wọ ẹ́ńjìnì. Thermostat lorúkọ rẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kọ́kọ́ máa ń yọ sọnù lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá gbóná.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé e kì í yí padà, ì báà jẹ́ n'Ìjẹ̀bú-Òde, ì báà jẹ́ ní Ṣágámù: "Ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe èyí fún o. Oòrùn tiwa níbí ti tó." Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì jọ òótọ́, ohun tó ń bíni nínú nípa rẹ̀ nìyẹn. Oòrùn Ìjẹ̀bú bá mú títí, bóyá ló máa kọjá 35°C. Omi inú ẹ́ńjìnì ń fẹ́ nǹkan bí 80°C sí 95°C kí iṣẹ́ tó lè lọ geere, iná tó ń jó nínú sìlíńdà, ihò inú ẹ́ńjìnì tí epo ti ń jó, sì máa ń kọjá 2,000°C. Lójú irú iná yẹn, kí ni oòrùn já mọ́? Ẹni tó bá ti lọ Mẹ́kà rí, kó rántí pé ooru ibẹ̀ ń kọjá 45°C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Irú jíìpù kan náà ló ń rìn lójú títì wọn, thermostat sì wà nínú wọn láti iléeṣẹ́. Bó bá jẹ́ ti oòrùn ni, àwọn Lárúbáwá ni ìbá kọ́kọ́ jù ú nù.

Ká wo ọ̀nà omi ná. Yàrà ló yí àwọn sìlíńdà ká nínú irin ẹ́ńjìnì, bí Eredo Súngbọ́ ṣe yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bí 160 kìlómítà. Ti ẹ́ńjìnì, omi ló ń sáré nínú rẹ̀, pọ́ọ̀mpù ló sì ń lé e. Omi á gba ooru lára irin, á gbé e lọ sí rédíétọ̀ níwájú ọkọ̀, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á tutù, á tún padà wọlé. Títì ńlá nìyẹn. Ọ̀nà kejì wà tí àwọn tó ń yọ thermostat kì í dárúkọ: ihò kan tí omi lè gbà yí po nínú ẹ́ńjìnì láì dé rédíétọ̀ rárá. Ọ̀nà ẹ̀bùrú nìyẹn.

Thermostat ni oníbodè àárín méjèèjì. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé oníbodè fún Ìjẹ̀bú. Kó tó di 1892, ẹrù tó bá ń ti ọ̀sà bọ̀, tó fẹ́ gba ilẹ̀ wọn kọjá lọ sókè, ó di dandan kó fojú kan oníbodè. Ọjọ́ tí Àwùjalẹ̀ bá ní kí wọ́n ti ọ̀nà, ọ̀nà tì nìyẹn, Èkó àti Ìbàdàn á máa wo ara wọn lókèèrè. Oníbodè inú ẹ́ńjìnì náà ní ọwọ́ méjì. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀, ọwọ́ kan á ti títì rédíétọ̀ pa, ọwọ́ kejì á fi ẹ̀bùrú sílẹ̀, kí omi máa yí po nínú ilé kó lè tètè gbóná. Tí omi bá ti dé nǹkan bí 80°C, ọwọ́ kìíní á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí títì díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń ṣí títì bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ kejì ń ti ẹ̀bùrú. Nígbà tó bá fi máa di nǹkan bí 95°C, títì ti ṣí gbayawu, ẹ̀bùrú ti pa nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, omi sì ń rọ́ lọ bá atẹ́gùn.

Ẹ wá yọ oníbodè. Títì ṣí, ẹ̀bùrú náà ṣí. Omi kò yàtọ̀ sí èèyàn, ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń gbà. Ẹ̀bùrú kúrú, rédíétọ̀ jìn, àwọn ihò rẹ̀ sì tín-ín-rín. Apá kan omi gbígbóná á kàn máa yí po nínú ẹ́ńjìnì láì fojú kan atẹ́gùn. Ẹni tó yọ thermostat kí ọkọ̀ má bàa gbóná lè ti fọwọ́ ara rẹ̀ dín omi tó ń tutù kù, pàápàá lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá le: èrò kún ọkọ̀, AC ń ṣiṣẹ́, òkè wà níwájú. Àwọn kan á ní omi ló ń sáré jù tí kò fi ráyè tutù nínú rédíétọ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Omi tó ń sáré ń gbé ooru dànù dáadáa; ẹ̀bùrú ni ọ̀daràn ibẹ̀.

Àfiwé oníbodè yìí ní ibi tó ń mọ ṣá. Ní oṣù Karùn-ún 1892 àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọ́n, èèyàn sì lè jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí ẹni tó jèrè níbẹ̀. Ní ti ẹ́ńjìnì, kò sí iyàn. Kò sẹ́ni tó ń jèrè àfi ẹni tó ń ta bẹntiróòlù.

Ìdí ni pé sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà nínú omi náà tó ń ròyìn fún ọpọlọ ọkọ̀, èyí tí àwọn rewáyà ń pè ní brain box. Bí omi bá tutù, brain box á gbà pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á sì bu epo kún epo, bí ẹni tó ń ta kẹrosíìnì sí iná igi tí kò tíì ràn. Ìgbà tí omi bá gbóná dé ìwọ̀n ló tó máa ṣọ́wọ́ ná. Ọkọ̀ tí kò ní thermostat, tó ń sáré lórí márosẹ̀ láti Ṣágámù bọ̀ n'Ìjẹ̀bú-Òde, atẹ́gùn ń fẹ́ lu rédíétọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, omi rẹ̀ lè má gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ títí tó fi máa débẹ̀. Lójú brain box, àárọ̀ ọyẹ́ ni ó ṣì wà. Epo ń ṣòfò, púlọ́ọ̀gì ń dúdú, ọ̀pọ̀ gíà ọtọmátíìkì náà kò sì ní tètè bọ́ sí gíà òkè nítorí wọ́n ń dúró de ẹ́ńjìnì. Olówó ọkọ̀ á máa ráhùn pé jíìpù òun ń mu epo bí ẹni mumi. Wọ́n á ní kó fọ nọ́sù tó ń fọ́n epo. Ó fọ̀ ọ́. Wọ́n á ní kó yí púlọ́ọ̀gì. Ó yí i. Ohun tó ń jẹ epo rẹ̀ wà nínú agolo àlòkù irin ní sàkání mẹkáníìkì.

Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Iná check engine á tàn. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ńbà tó sábà máa ń jáde ni P0128, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé omi ẹ́ńjìnì kò gbóná tó. Wọ́n á pa nọ́ńbà náà rẹ́, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan á tún yọjú. Àwọn mìíràn ti lẹ téèpù dúdú mọ́ iná náà lójú.

Ti ọ́ìlì tún wà níbẹ̀. Bí epo bá ń jó, oru omi máa ń wà lára èéfín rẹ̀, díẹ̀ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ pístìn sá wọ inú ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnì tó gbóná dáadáa á gbẹ ẹ́ jáde. Ọkọ̀ tí ìrìn rẹ̀ kò ju láti ilé dé ọjà Òkè-Àjé lọ, tí kò sì ní thermostat, kò lè gbóná débẹ̀. Omi á pò mọ́ ọ́ìlì, nǹkan kan á wá lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí ọ́ìlì, funfun bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Mẹkáníìkì kejì á ṣí ìdérí, á mirí: "Tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ," ìyẹn ohun tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀ kí omi má bàa wọ ọ́ìlì. Wọ́n á sì tú orí ẹ́ńjìnì tí nǹkan kan kò ṣe.

Ohun tó mú kí oníbodè yìí yẹ ní kíkan sáárá sí ni pé kò ní wáyà, kò gbàṣẹ lọ́wọ́ brain box, kì í sì í gba ẹ̀gúnjẹ. Ìda ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ idẹ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú mọ bí ìda ṣe ń hùwà. Ẹni tó ń ṣe ẹdan Òṣùgbó á fi ìda mọ ọ́n, á fi amọ̀ bò ó, á gbé e síná. Ìda á yọ́ jáde, idẹ yíyọ́ á gbapò rẹ̀. Níbẹ̀, ìda ń ríbi sá gbà. Nínú thermostat, wọ́n po ìda mọ́ lẹ́búlẹ́bú bàbà, wọ́n sé e mọ́nú ife irin kékeré kan, kò síbi tó fẹ́ gbà. Ìda yíyọ́ sì ń gba àyè ju ìda dídì lọ. Bó bá ti ń yọ́, ó ń wú, kò sì ríbi wú sí àfi kó ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà láàárín rẹ̀. Ọ̀pá yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Tó bá tutù, ìda á súnkì, sípíríǹgì á ti ilẹ̀kùn padà. Ìda náà kì í ṣe ti oyin, láti ara epo rọ̀bì ni, wọ́n sì ṣà á kó lè yọ́ ní ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ gan-an. Ọgbọ́n yìí ti wà láti àwọn ọdún 1930. Ọkọ̀ tuntun tí wọ́n so wáyà mọ́ thermostat tirẹ̀ pàápàá, ìda ṣì ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń kú láì kígbe. Tó bá kú ní ṣíṣí, epo lásán ló ń jẹ. Tó bá kú ní pípadé, omi á hó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, orí ẹ́ńjìnì tó jẹ́ alumíníọ̀mù á wọ́, tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì á lọ lóòótọ́ wàyí. Mẹkáníìkì tó ti ra ayédèrú rẹ̀ rí, tó fi sí ọkọ̀ oníbàárà, tó sì san owó ẹ́ńjìnì, kò ṣeé bá wí tó bá ní òun kò fẹ́ rí i mọ́. Tó bá yọ ọ́, ọkọ̀ náà kò ní padà wá lọ́la. Epo tó ń jẹ kò sì kúrò lápò tirẹ̀. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ "oòrùn tiwa ti tó" nìyẹn.

Kí ló wá ń mú ọkọ̀ gbóná gan-an? Ìgbà tó ń gbóná máa ń sọ ọ́. Ọkọ̀ tó tutù lórí márosẹ̀, tó wá ń gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọjọ́ Ojúde Ọba, fáànù rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, torí atẹ́gùn ìrìn kò sí níbẹ̀ mọ́, fáànù nìkan ló kù. Èyí tó tutù láàárín ìlú, tó wá ń gbóná lórí eré, rédíétọ̀ rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó ti dí. Omi kànga àti píọ̀-wọ́tà tí wọ́n ti ń dà sí i láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ló ṣe é: ìpẹtà àti ìyẹ̀fun omi ti di àwọn ihò tín-ín-rín yẹn. Ọ̀pọ̀ rò pé torí yìnyín ni wọ́n ṣe ń lo kúláǹtì, omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà fún rédíétọ̀, bẹ́ẹ̀ oògùn ìpẹtà wà nínú rẹ̀. Ìdérí rédíétọ̀ náà ń kó o bá ọ̀pọ̀. Wọ́n kọ 1.1 sórí púpọ̀ nínú wọn, agbára tó fi ń tẹ omi mọ́lẹ̀ nìyẹn, kó má bàa hó ní 100°C bí omi ìkòkò, kó di nǹkan bí 120°C. Bí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá ti gbó, omi á hó kí àsìkò rẹ̀ tó pé, ẹ̀bi náà á sì bọ́ sórí thermostat. Ẹ má sì fọkàn tán abẹ́rẹ́ ooru orí dáṣíbọọ̀dù jù. Omi lè ti gbẹ tán kí abẹ́rẹ́ já wálẹ̀ bí ẹni pé ara ọkọ̀ balẹ̀, torí sẹ́ńsọ̀ ti ń he òfìfo.

Ẹni tí kò bá gba thermostat gbọ́, ìkòkò omi kan ti tó. Ẹ so okùn mọ́ thermostat náà, ẹ rì í sómi, kó má kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ wá dáná sí i. Wọ́n tẹ ìwọ̀n tó máa ṣí sára rẹ̀, bíi 82. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ oru, irin náà kò ní mira. Àwọn ìfófòó kéékèèké á máa gòkè láti ìdí ìkòkò, síbẹ̀ kò ní mira. Ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ máa sọ pé ó ti kú ni ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan á hàn létí ilẹ̀kùn rẹ̀, bí ojú ẹni tó fẹ́ jí, á sì máa fẹ̀ sí i títí ìka á fi lè wọ̀ ọ́. Ẹ pa iná. Á padé bó ṣe ṣí. Èyí tí kò bá ṣí kí omi tó hó, tàbí tí kò padé mọ́, ìyẹn ni kó lọ sínú agolo.

Tí wọ́n bá ń dá tuntun padà, ihò kékeré tí òkúta irin kan ń mì nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà sá. Kí wọ́n gbé imú ọkọ̀ sókè díẹ̀, kí wọ́n yí bọ́tìnì híítà, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí ní ilẹ̀ yìí, dé ìparí ibi pupa, kí omi lè dé gbogbo kọ̀rọ̀, kí wọ́n sì dá ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, láì tíì bo rédíétọ̀. Ìfófòó á máa jáde, omi á máa lọ sílẹ̀, wọ́n á máa fi kúláǹtì kún un. Rọ́bà rédíétọ̀ tó wà nísàlẹ̀ á tutù fún ìgbà pípẹ́, lójijì ló máa gbóná lọ́wọ́: oníbodè ti ṣílẹ̀kùn. Tí ìfófòó bá ti tán, kí wọ́n bò ó. Láìpẹ́ fáànù á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, á fẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀.