Ibi Tí Iṣẹ́ Panápaná Ti Wọ Ọgbà Yunifásítì

Bí ẹ bá bi àwọn kan léèrè ibi tí iṣẹ́ panápaná ti ṣẹ̀ ní Nàìjíríà, ọdún 1901 ni wọ́n á kà sí yín létí, ọdún tí ìjọba amúnisìn dá ẹ̀ka panápaná sílẹ̀ lábẹ́ ọlọ́pàá ní Èkó. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ọdún yẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ilé ti ń jó láti ayé Odùduwà, tí àwọn ará ilé sì káwọ́ lẹ́rán tí wọ́n ń wò ó títí 1901 fi dé.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kojú iná nínú ọgbà yunifásítì yóò rí i pé ohun mẹ́ta ni ìdí iṣẹ́ náà: kí a tètè kígbe síta, kí a lé èèyàn jìnnà sí ibi ewu, kí a sì mọ ohun tí a ó fi pa irú iná tó ń jó. Kò sí èyí tí a kò ní nílé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìgbà tí koríko bẹẹrẹ ni òrùlé. Agbo ilé fara ti agbo ilé, ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan, iná ta láti ìdí àdògán, ó di orí ilé. Igbe "Iná o! Iná o!" ni agogo ìgbà náà, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ kì í kọ́kọ́ bèèrè bóyá ilé ọ̀tá òun ló ń jó. Àwọn ọ̀dọ́ á gun òrùlé tí iná kò tíì dé, wọ́n á fa bẹẹrẹ rẹ̀ dànù kí iná má baà rí ohun tí yóò jẹ. Àwọn yòókù á máa fi ewé tútù lù ú, wọ́n á máa da omi àti iyẹ̀pẹ̀ sí i. Ta ló ń pàṣẹ òrùlé tí wọ́n á fà ya? Èrò tèmi ni pé àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú lóru ni, nítorí àwọn ló máa ń wà lójúfò, àwọn náà ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń la ààlà iná nígbẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń dáná sungbó. Bí wọ́n ṣe ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ dorí kọ kí wọ́n tó ṣáná náà ni panápaná òde òní ṣe ń wò ó kó tó sún mọ́ kẹ́míkà tó ń rú èéfín.

Ẹ tún wo orúkọ náà. Pa iná di paná, paná di panápaná, bí gbẹ́nàgbẹ́nà, bíi pẹjapẹja. Orúkọ oníṣẹ́ ọwọ́ ni. A yá dókítà, a yá nọ́ọ̀sì, a yá ṣọ́jà, ṣùgbọ́n a kò yá èyí. Lójú mi, èdè kì í sọ ohun tí kò ṣàjèjì sí i lórúkọ àjèjì.

Ní ti lílé èèyàn sẹ́yìn, Ṣàngó ni mo fi ń jẹ́rìí. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìtàn Yorùbá tó kọ ní 1897, jẹ́ ká mọ bí ilé tí àrá bá sán sí ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn olórìṣà Ṣàngó. Onílé kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀ mọ́, àfi bí àwọn Mọgbà, ìyẹn àwọn àlùfáà Ṣàngó, bá wú ẹdùn àrá, tí wọ́n ṣètùtù, tí wọ́n sì gba owó ńlá. Ẹ̀sìn ni, owó sì wà níbẹ̀, mi ò sẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ibi tí ewu ti ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ àfi ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ló tún yàtọ̀ sí okùn tí panápaná ń ta yí yàrá kẹ́míkà ká? Kì í ṣe lásán ni a pe iná ìjọba ní iná mànàmáná, tí ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964 sì dúró níwájú ilé iṣẹ́ mànàmáná l'Ékòó.

Àwọn kan á ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ni ká lọ wò, níbi tí ilé kan tí wọ́n ń pè ní Harvard Hall ti jó lóru ọjọ́ 24 oṣù kìíní 1764, tí nǹkan bí ìwé 5,000 bá a lọ. Ó ṣeni láàánú, ṣùgbọ́n ìtàn ilé kan tó jó ni, kì í ṣe orísun iṣẹ́.

Ìtàn yunifásítì tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 1948, nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ṣí ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú ọgbà tó ti jẹ́ ilé ìwòsàn ológun. Nígbà tí wọ́n kọ́ ibùdó ayérayé, àwọn ayàwòrán ilé, Maxwell Fry àti Jane Drew, fi ògiri oníhò àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbalasa sí i kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ kọjá. Atẹ́gùn náà ń gbé òórùn kẹ́míkà jáde. Bí iná bá ràn, òun náà ló tún ń fún un lóúnjẹ.

Yàrá kẹ́míkà inú ọgbà yunifásítì ló yí ọ̀rọ̀ padà, nítorí níbẹ̀ ni omi ti ń di ọ̀tá. Inú epo ni wọ́n ń tọ́jú sodium, irin rírọ̀ kan, sí; bí omi bá kàn án, yóò gbiná, ó sì lè bú gbàmù. Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní ní yunifásítì, bàbá tó ń tọ́jú yàrá kẹ́míkà wa mú wa lọ síbi garawa pupa kan kí ó tó jẹ́ kí a fọwọ́ kan ohunkóhun. "Ẹ̀yin ọmọ, iyẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé, ẹ má bu omi." Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí epo pupa bá gbiná nínú ìkòkò, ìyá mi á de ìdérí lé e, á sì fa igi kúrò nídìí ààrò. Ẹni tó bá da omi sí i, iná á fò mọ́ ọn lójú.

Ìyókù kò pẹ́ sọ. Òfin panápaná ìjọba àpapọ̀ jáde ní 1963. Yunifásítì Ifẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn ní 1962, kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967, sí ọgbà tí igbó yí ká. Ní 1977, àwọn panápaná Jacksonville ní Amẹ́ríkà dá ikọ̀ kan sílẹ̀ fún kẹ́míkà nìkan. Agolo apaná onígáàsì àti onílẹ́búlẹ́bú dé ara ògiri, nọ́ńbà pàjáwìrì 112 dé orí fóònù.

Ní yàrá kẹ́míkà tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, agolo apaná mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Garawa pupa náà ṣì wà lórí ìkọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, iyẹ̀pẹ̀ kún inú rẹ̀.