Báákìn Sódà Lórí Fóòmù: Kí Ló Lè Ṣe, Kí Ni Kò Lè Ṣe?

Àwọn fídíò kan ń tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹni tó bá da báákìn sódà, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n máa ń pò mọ́ kéèkì, sórí fóòmù, gbogbo ìdun àti kòkòrò inú rẹ̀ á kú. Ọ̀rọ̀ náà ti rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú.

Ṣé òótọ́ ni?
Rárá. Òórùn ló ń gbà kúrò.

Báwo ló ṣe ń gbà á?
Púpọ̀ nínú ohun tó ń rùn nínú òógùn jẹ́ ásíìdì, sódà yìí sì máa ń ba agbára ásíìdì jẹ́. Ẹ fọ́n ọn sórí fóòmù tó gbẹ, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fà á kúrò. Ẹ má pò ó mọ́ fínígà. Bó ṣe ń hó yẹn, ńṣe làwọn méjèèjì ń pa agbára ara wọn.

Kòkòrò wo gan-an ló wà níbẹ̀?
Oríṣi méjì ni, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ìdun ṣeé fojú rí, ó ń jẹni, ojú rírán fóòmù ló sì máa ń sá sí. Èkejì ń gbé inú eruku, ó kéré débi pé ojú lásán kì í sábà rí i. Kì í jẹni. Èépá ara wa tó ń ṣí dànù ló ń jẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń mú àwọn kan máa sín, tó sì ń dá ikọ́ fée sílẹ̀ lára àwọn mìíràn. Omi tó gbóná tó 60°C lẹ máa fi fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti àpò ìrọ̀rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó tó kú. Ó fẹ́ràn ọ̀rinrin, nítorí náà tẹ́ ẹ bá jí, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí fóòmù kẹ́ ẹ tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?
Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má ha á. Omi tútù ni ti ẹ̀jẹ̀; omi gbígbóná á mú kó lẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣé mo lè da omi sí gbogbo fóòmù náà?
Ẹ má dán an wò. Omi á wọnú lọ síbi tí atẹ́gùn ò dé, fóòmù á sì hu èéhù.

Ṣé bílíìṣì ò ní yára jù?
Ó léwu gan-an. Bílíìṣì tó bá kan ìtọ̀ tàbí fínígà máa ń tú gáàsì olóró jáde. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ jáde kúrò nínú yàrá náà kíá, ẹ kó àwọn ọmọdé jáde pẹ̀lú. Tí èémí bá ṣòro mí, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

Tí mo bá wá rí ìdun ńkọ́?
Ẹ má fín oògùn kòkòrò síbi tẹ́ ẹ ń sùn, àyàfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sára agolo rẹ̀ pé ó wà fún fóòmù.