Brain box tírélà: ẹ má tíì gbẹ́lẹ̀ fún un

Tírélà kan kò stáàtì láàárọ̀. Sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, àmọ́ èéfín kankan kò jáde, sikánà (ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀) tí wọ́n sì kì bọ ọkọ̀ náà ní òun kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti dájọ́: "Ọ̀gá, brain box yín ti jó." Ohun tó kàn ni iye tí wọ́n ń tà á, iye yẹn sì ń mú kí onímọ́tò wá ibi jókòó sí. Lójú tèmi, ẹjọ́ náà máa ń yá jù.

Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì ni à ń pè ní brain box. ECU tàbí ECM ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ọkọ̀. Àwọn tó bá Mercedes 911 àtijọ́ ṣiṣẹ́ mọ̀ pé kò sí irú ẹ̀ níbẹ̀: pọ́ǹpù onírin ló ń pín epo, irin ló sì ń sọ fún irin ìgbà tí epo máa tú. Nínú tírélà òde òní, kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ. Sẹ́ńsọ̀ máa ròyìn fún un ibi tí kránkì yí dé, bí omi ṣe gbóná tó, bí afẹ́fẹ́ láti táábò ṣe pọ̀ tó, àti bí dẹ́rẹ́bà ṣe tẹ tọ́rọ́tù tó. Ó máa ṣírò, á wá sọ fún nọ́sù kọ̀ọ̀kan (ẹnu tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì) ìgbà tó máa ṣí àti ìgbà tó máa pa.

Yorùbá ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Àwọn tó ṣe tírélà kò gbọ́ òwe yẹn, torí ara ẹ́ńjìnnì gan-an ni wọ́n de ọ̀pọ̀ brain box mọ́, nínú ooru àti gbígbọ̀n. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì Cummins ISX kan, epo dísẹ̀lì tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń tù ú lára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é kó le. Ó le ju àwọn wáyà tó so mọ́ ọn lọ, wáyà yẹn ló sì sábà máa ń dẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n á fi mú un.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń jẹun. Iná gbọ́dọ̀ wọlé láti bátìrì, ẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì) sì gbọ́dọ̀ dára. Ibí yìí ni mítà ti ń tan ọ̀pọ̀ rìwáyà jẹ. Wáyà tí ìpẹtà ti jẹ tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo ṣì máa fi fóltì 24 hàn lójú mítà, nítorí mítà kì í fa iná tó nǹkan. Tí brain box bá wá fẹ́ fa iná gidi láti ṣí nọ́sù, fọ́nrán kan yẹn kò lè gbé e. Ohun tí mo fẹ́ràn ni gílóòbù iná iwájú tírélà, èyí tó jẹ́ fóltì 24 àti wáàtì 70. Ó ń fa nǹkan bí áńpíà mẹ́ta. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box, kí ẹ so gílóòbù náà mọ́ wáyà tó ń gbé iná wá àti ẹ́ẹ̀tì tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Ẹ rọra o, kí ẹ má fi nǹkan fẹ ẹnu píìnì. Tí gílóòbù bá tàn yòò, oúnjẹ ń dé ibẹ̀. Tó bá ń ṣẹ́jú tàbí tó pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú, wáyà, fíúsì, rílè tàbí ẹ́ẹ̀tì lẹ máa lọ wò. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ti ń wá owó brain box rẹ̀ kiri, tó sì jẹ́ bóòtù ẹ́ẹ̀tì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì ló ti hu àwọ̀ ewé. Sáńpépà ló tún un ṣe.

Brain box náà ń bọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Ó ń fún ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ní fóltì 5, àwọn kan sì ń jẹ nínú abọ́ kan náà. Tí ọ̀kan bá ṣẹ́ẹ̀tì nínú, ó máa fa gbogbo abọ́ yẹn walẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá dà bí òkú. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ fi mítà sórí wáyà fóltì 5, kí ẹ máa yọ àwọn sẹ́ńsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá yọ tí fóltì 5 padà wá, òun ni olè.

Ti sikánà tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra, tí wọ́n ń pè ní CAN, ni àwọn kọ̀ǹpútà inú tírélà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Rẹsísítọ̀ ohm 120 kan wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ orí bátìrì, kí ẹ wọn àárín wáyà méjèèjì: nǹkan bí ohm 60 ló yẹ kó jẹ́. Tó bá jẹ́ 120, wáyà já níbì kan tàbí rẹsísítọ̀ kan ti sọnù. Tó bá sún mọ́ òdo, wáyà méjèèjì ti kanra.

Tí sikánà bá fèsì, ẹ ka nọ́mbà méjèèjì tó bá gbé jáde. SPN ń sọ ibi tí ọ̀ràn wà, FMI ń sọ irú ọ̀ràn tó jẹ́. SPN 629 pẹ̀lú FMI 12 ni brain box fi ń ké pé inú òun ti bàjẹ́. Síbẹ̀, bátìrì tó rẹ̀ lè mú kó ké bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ wo oúnjẹ rẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Lóòótọ́ ó máa ń kú. Jórinjórin tó jó ṣáásí láìyọ orí bátìrì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box lè pa á. Ẹni tó so orí bátìrì sódì nígbà tó ń yá iná lára ọkọ̀ mìíràn lè pa á. Omi náà ń rìn nínú wáyà bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà, títí tó fi máa dé ẹnu píìnì. Ohunkóhun tó bá pa ti àkọ́kọ́, tí ẹ kò bá wá a rí, ó máa pa tòkunbọ̀ tí ẹ fẹ́ rà náà.

Pípààrọ̀ rẹ̀ kì í ṣe yọ-ọ́-kó-o-kì-í-bọ̀-ọ́. Nọ́mbà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ẹ́ńjìnnì yín mu, prógíráàmù inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti agbára ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, nọ́sù kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú brain box tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì lè máa gbọ̀n tàbí kó máa rú èéfín. Kọ́kọ́rọ́ tó ní ààbò olè náà lè kọ̀ láti bá a ṣiṣẹ́. Tí ti àtijọ́ bá ṣì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́.

Tó bá tilẹ̀ ti dákẹ́ pátápátá, ẹ má jẹ́ kí onípáńtí gbé e lọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa lè tú u, kó sì ka ìrántí rẹ̀ látinú ẹ̀yà ara rẹ̀, kó wá kọ ọ́ sínú tuntun.