Ilé Sinimá Àtijọ́ ní Ìkòròdú

Ilé sinimá àtijọ́ ni ibi tí àwọn ará Ìkòròdú ti máa ń sanwó wo fíìmù lójú aṣọ funfun ńlá kí fídíò tó wọlé, irú ẹ̀ ti pòórá báyìí, àmọ́ àwọn àgbà ìlú ò gbàgbé ẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni sinimá kọ́kọ́ dé Èkó, ní Glover Memorial Hall, Herbert Macaulay ló bá ilé-iṣẹ́ Balboa láti Sípéènì ṣètò ẹ̀. Nígbà tó di 1939 ìjọba òyìnbó dá Colonial Film Unit sílẹ̀, mọ́tò wọn á gbé jẹnẹrétọ̀ àti projẹ́ktọ̀ wọ ìlú, wọ́n á ta aṣọ funfun sí gbangba, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń gbowó ló wá tẹ̀lé e, àwọn ará Lẹ́bánọ́nì àti Íńdíà ló sì ni ọ̀pọ̀ ilé sinimá nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tí fíìmù Íńdíà, ti Ṣáínà àti kábọ́ì Amẹ́ríkà fi gbòde.

Ohun táwọn èèyàn ń rántí jù ni ariwo inú ilé yẹn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè Íńdíà àmọ́ wọ́n á máa kọ orin ẹ̀ lọ́nà ilé, gúgúrú àti ẹ̀pà lọ́wọ́, àwọn ọmọ tí ò rówó tíkẹ́ẹ̀tì á máa fo fẹ́ǹsì, tí fíìmù bá já láàárín gbogbo ilé á máa súfèé títí ẹni tó ń yí ẹ̀rọ á fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé áktọ̀, ìyẹn akọni inú fíìmù, kì í kú, olórí àwọn ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní "boss" ni yóò kú níkẹyìn, síbẹ̀ wọ́n á tún padà wá wo ọ̀kan náà.

Fíìmù Yorùbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àjàní Ògún ti Ọlá Balógun ní 1976, àwọn onítíátà wa bíi Ògúndé sì tẹ̀lé e. Àwọn fúnra wọn ló máa ń gbé fíìmù wọn kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n á háyà gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé-ìwé, wọ́n á dúró ti ẹnu ọ̀nà kà owó, torí ẹ̀dà fíìmù kan ṣoṣo tó bá sọnù, gbèsè ni. Bàbá Sàlá jìyà ẹ̀ gan-an, Ọ̀run Móoru tó ṣe ní 1982, àwọn olè dà á sórí fídíò, wọ́n ń tà á kiri.

Lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ìjọba ní ọdún 1986, náírà já wálẹ̀, owó sẹlulọ́ìdì, ìyẹn téèpù tí wọ́n fi ń ya fíìmù, ò ṣe é ná mọ́, ẹ̀rù olè ò jẹ́ kí èèyàn jáde lálẹ́, kásẹ́ẹ̀tì fídíò láti ọjà Ìdúmọ̀tà sì wọ ilé kálukú. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn sinimá káàkiri Èkó ló di ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan di ilé ìkẹ́rù-sí tàbí sọ́ọ̀bù. Ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ò yà mí lẹ́nu, ilé tó gba èrò, tó ti ní pèpéle níwájú, kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́?

Ní Ìkòròdú báyìí, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ló gba ipò yẹn, bẹ́ǹṣì onípákó, owó lẹ́nu ọ̀nà, ariwo ọjọ́ Sátidé. Fíìmù fúnra ẹ̀ ti di ohun tí ọmọdé ń fi fóònù ṣe: àwọn Ikorodu Bois, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìkòròdú kan, bẹ̀rẹ̀ ní 2017, wọ́n ń fi bárò àti ohun èlò inú ilé ṣe àfarawé fíìmù ńláńlá, ní 2020 Netflix, ilé-iṣẹ́ fíìmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, fi kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí wọn.