Ta Ló Kọ́kọ́ Kọlà fún Bọ́ọ̀lù Gọ́ọ̀fù?

Ọmọ aládùúgbò wa kan ló he bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù lẹ́bàá ọ̀nà. Ó fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ó ń yí i lọ́wọ́, ó wá bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé gbígbá tí wọ́n ń gbá a ló jẹ́ kí ara ẹ̀ jìn kòtò kòtò báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní rárá o, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde. Nígbà tó yá ni mo rí i pé mo ti yára dáhùn jù. Bí a bá tọ ìtàn bọ́ọ̀lù yẹn dé orísun, ọmọ náà kò jìnnà sí òótọ́.

Ilẹ̀ Scotland ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, pàápàá ìlú St Andrews. Kí ọdún 1848 tó dé, awọ ni wọ́n fi ń rán bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, ìyẹ́ ni wọ́n sì ń kì sínú rẹ̀. Oníṣẹ́ á gé awọ, á rán an, á yí i pa dà kí ojú rírán lè wà nínú, á wá ku ihò kékeré kan. Ihò yẹn ni yóò máa gba ti ìyẹ́ tí wọ́n ti sè wọlé, ìyẹ́ tó kún fìlà gíga àwọn òyìnbó fọ́fọ́, fún bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo! Irin ni wọ́n fi ń kì í, àyà ni oníṣẹ́ sì fi ń ti irin náà. Bí awọ bá ti ń gbẹ, yóò máa sún kì. Ìyẹ́ ní tirẹ̀ yóò máa wú. Ohun tó bá jáde nínú ìjà àwọn méjèèjì á le bí òkúta. Mẹ́ta sí mẹ́rin ni ọ̀jáfáfá lè ṣe lóòjọ́, nítorí náà ó wọ́n bí ojú. Bí òjò bá sì pa á, ó lè bẹ́ lójú rírán.

Ní 1848 ni gutta-percha wá gba ipò awọ. Oje igi ni, láti ilẹ̀ Malaya. Bó bá tutù, ó le. Bó bá kan omi gbígbóná, á rọ̀ bí èbà. Èèyàn lè fi àtẹ́lẹwọ́ yí i róbótó, kó jù ú sínú omi tútù, bọ́ọ̀lù ti délẹ̀ nìyẹn. Robert Adams Paterson ní St Andrews ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé òun ló kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n ní gutta-percha tí wọ́n fi di ère òrìṣà Vishnu kan, kó má baà fọ́ lójú ọ̀nà, ló yọ́ tó fi ṣe bọ́ọ̀lù. Ìtàn náà dùn, ó dùn débi tí mo fi ń fura sí i. Ohun tó dájú ni pé bọ́ọ̀lù tuntun náà pọ́ọ́kú, inú àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀lù ìyẹ́ kò sì dùn. Òun ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Allan Robertson, ọ̀gá wọn, àti Tom Morris, ọmọṣẹ́ rẹ̀. Morris kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú Prestwick ní 1851.

Àmọ́ bọ́ọ̀lù pọ́ọ́kú yìí ní àrùn kan. Ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí ẹyin. Bí wọ́n bá gbá a, á gbéra díẹ̀, á wá já wálẹ̀ bí ẹyẹ tí wọ́n yìnbọn fún. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé èyí tó ti gbó, tí irin ọ̀pá ti ha lára yánnayànna, ló ń fò gidi. Bọ́ọ̀lù ìyẹ́ ní ojú rírán tirẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ojú rírán náà ń ṣiṣẹ́ kankan. Tuntun ń kùnà, ògbólógbòó ń yege.

Àwọn tó ń ṣe é kò dúró de pápá mọ́. Wọ́n gbé hámà, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ lu bọ́ọ̀lù tuntun yí ká, wọ́n ń sá a lápá sá a kí wọ́n tó tà á. Ṣebí àwọn àgbà ní títa ríro làá kọlà, bó bá jinná tán a doge. Nígbà tó yá, wọ́n gbẹ́ ilà náà sínú irin tí wọ́n fi ń tẹ bọ́ọ̀lù. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, èyí tó gbajúmọ̀ jù ni èyí tí ara rẹ̀ yọ kókó bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Coburn Haskell ará Amẹ́ríkà ló wá mú bọ́ọ̀lù tí inú rẹ̀ jẹ́ rọ́bà wíwé jáde, wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1899. Ní 1905, William Taylor ní Leicester, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe dígí kámẹ́rà, yí kókó náà sí òdì. Dípò kó yọ síta, ó jìn wọnú. Ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù dé nìyẹn.

Kí ló dé tó fi ń ṣiṣẹ́? Peter Guthrie Tait, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Edinburgh, ti fi hàn láàárín ọdún 1890 sí 1900 pé yíyí tí bọ́ọ̀lù ń yí sẹ́yìn ló ń gbé e dúró lófuurufú. Àbọ̀ ìdáhùn nìyẹn. Àbọ̀ kejì wá láti ibi tí kò kan gọ́ọ̀fù rárá. Ní 1912, Gustave Eiffel, ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ilé ìṣọ́ onírin ní Paris, ń fẹ́ atẹ́gùn lu bọ́ọ̀lù róbótó. Ó rí i pé bí atẹ́gùn bá yára kọjá ìwọ̀n kan, agbára tó ń fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn á dín kù lójijì. Ní 1914, Ludwig Prandtl ní Göttingen, Jámánì, so wáyà tín-ín-rín mọ́ bọ́ọ̀lù tó jọ̀lọ̀, bí ẹni so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́dìí. Wáyà lásán, agbára náà dín kù! Bí ara bọ́ọ̀lù bá jọ̀lọ̀, afẹ́fẹ́ tètè ń ya kúrò lára rẹ̀, á fi àlàfo gbàràmù sílẹ̀ lẹ́yìn, àlàfo yẹn á sì máa fà á sẹ́yìn. Bí nǹkan bá da afẹ́fẹ́ náà rú, á lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù dé ẹ̀yìn kó tó ya, àlàfo á sì kéré. Ohun tí àwọn onígọ́ọ̀fù ti ń fi hámà àti irin ìtẹ̀ ṣe fún nǹkan bí 60 ọdún nìyẹn. Bí a bá gbá bọ́ọ̀lù tí kò níhò lónìí, ìdajì ọ̀nà ló máa rìn.

(Ẹni tó bá rántí Jabulani, bọ́ọ̀lù Ife Àgbáyé 2010, mọ bó ṣe ń da àwọn gólì láàmú. Ègé mẹ́jọ péré ni, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ kò tó ti bọ́ọ̀lù onígèé 32. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.)

Ihò náà tún dá ẹjọ́ sílẹ̀. Láàárín 1970 sí 1980, wọ́n ṣe Polara ní Amẹ́ríkà: ihò ìbàdí rẹ̀ jìn, ti orí àti ìdí kò jìn. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ bó ṣe yẹ, á máa tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà, kódà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá. Ní 1981, USGA, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, ṣòfin pé ihà gbogbo bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ máa fò bákan náà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe Polara pè wọ́n lẹ́jọ́, USGA sì fi owó parí rẹ̀ ní 1985.

Òfin sọ pé bọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ kéré sí mìlímítà 42.67, kò sì gbọ́dọ̀ wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ. Iye ihò ni kò sọ. Ọ̀pọ̀ ní láti 300 sí 500. Èmi àti ọmọ yẹn jókòó, a ní ká ka tiwa. A dé 112, a ò mọ èyí tí a ti kà mọ́. Ó ní kí n dì í mú bẹ́ẹ̀, kí n má yí i, òun ń lọ mú bírò wá.